Bàbá Tí Àràmídé Yá

"Ìlú wo lo ti wá?" Jethro bèèrè. Kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Ìjẹ̀bú-Igbó."

Jethro dáwọ́ dúró. Ó wo Àràmídé bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wo aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gé bàjẹ́.

Ẹ̀yìn ọjà Tejúoṣó ni ṣọ́ọ̀bù Jethro wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́ ní Yábàá àti Sùúrùlérè ti ń tẹ CV. Jethro kì í kàn tẹ̀ ẹ́ lásán, ó máa ń tún un ṣe. Ẹni tó bá ti ta ìwé ìròyìn rí, Jethro á sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ìpolówó ọjà. Ẹni tó bá àǹtí rẹ̀ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lásìkò ọlidé, ó ti di alábòójútó. Iná ìjọba nìkan ló lè dí i lọ́wọ́, ó sì máa ń dí i lọ́wọ́ dáadáa.

Ara Àràmídé kò balẹ̀ lórí àga tó jókòó sí. Ó ti parí ilé ìwé girama, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé, ó ti kó CV káàkiri Èkó, kò sì sẹ́ni tó pè é. Sìmíátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń wọ bàtà gogoro lọ síbi iṣẹ́. Iléeṣẹ́ tí bàbá Àràmídé ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀ sì ti di ẹrù tí kò sẹ́ni tó lè gbé e. Bí kò bá ríṣẹ́, ọmọ náà yóò jókòó sílé.

"Gbọ́," Jethro sọ. "Iléeṣẹ́ oògùn kan ní Ìdí-Àràbà ń wá akọ̀wé, Ìjẹ̀ṣà sì ni máníjà wọn. Ohun tí kọ́sítọ́mà bá fẹ́ rà ni wọ́n ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́ ká kọ Iléṣà."

"Orúkọ ilé wa á tú àṣírí mi, Ẹ̀gbọ́n."

"Orúkọ wo? Ṣebí Christopher ló wà lórí sátífíkéètì ẹ?"

Òótọ́ ni. Láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ilé ìwé ti fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣe orúkọ ìdílé fún un. Ọnàdípẹ̀, orúkọ ilé wọn gan-an, tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ tí á mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni, kò sí níbẹ̀ rárá. Àràmídé wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ẹ kọ ọ́," ó dáhùn.

Kò pẹ́ tí iléeṣẹ́ oògùn náà fi pè é. Ọ̀gbẹ́ni Ọláṣùpọ̀, máníjà náà, jẹ́ àgbàlagbà ọlọ́yàyà. Ó gbé lẹ́tà kan fún Àràmídé pé kó tẹ̀ ẹ́. Ìka ọmọbìnrin náà ń sáré lórí ẹ̀rọ, kò sì ṣàṣìṣe kankan. Máníjà mi orí, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú CV rẹ̀.

"Há! Iléṣà! Ọmọ onílé obì! Ulé ta ni, ọmọ mi?"

"Òkè-Ẹ̀sọ̀ ni, sà." Jethro ló kọ́ ọ.

Ni máníjà bá da èdè Ìjẹ̀ṣà bolẹ̀. Àràmídé kò gbọ́ ju "ulé", ìyẹn ilé, lọ nínú gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Èkó ni wọ́n bí mi sí, sà."

"Ẹ̀yin ọmọ Èkó! Ẹ ti ju èdè baba yín sínú ọ̀sà." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Mú bàbá rẹ wá lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n wá ṣe onídùúró fún ọ. Inú mi á dùn láti rí ará ilé."

Ayọ̀ àti ìpayà jọ wọ inú Àràmídé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sáré padà sọ́dọ̀ Jethro.

"Ìyẹn ò le," Jethro sọ. "Bàbá Tìrìmísíyù wà ní Jíbówú, àwọn ló ń pe èrò Iléṣà sí mọ́tò. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni wọ́n. Fún wọn ní nǹkan díẹ̀, wọ́n á bá ẹ ṣe bàbá."

"Ṣé wọ́n ń yá bàbá ni?"

"Ṣé wọn kì í yá aṣọ ìgbéyàwó ni?"

Irọ́ kì í dá rìn. Bí ẹ bá ti gba ọ̀kan sílé, ẹ yáa tẹ́ ẹní fún àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Tìrìmísíyù, tí kò tíì pa ìrun Jímọ̀ jẹ rí, gbé agbádá wọ̀, ó sì di Ọ̀gbẹ́ni Christopher. Òun àti máníjà sọ̀rọ̀ Iléṣà títí wọ́n fi gbàgbé ọmọ tó jókòó tì wọ́n. Bàbá Tìrìmísíyù fọwọ́ síwèé onídùúró, Àràmídé sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó parọ́ fún bàbá rẹ̀ nílé pé wọn kò béèrè onídùúró. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè wo ojú bàbá rẹ̀ dáadáa mọ́. Níbi iṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á kọ́kọ́ yọjú wo ẹni tó jẹ́. Ó gba owó oṣù àkọ́kọ́, ó san owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀.

"Ó yẹ kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ," bàbá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

"Ẹ má ṣèyọnu, Dádì! Ọ̀gá wa ò fẹ́ràn àlejò."

Bàbá ní kò burú. Àràmídé rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n baba Yorùbá wo ni wọ́n máa gba ọmọ rẹ̀ síṣẹ́ tí yóò jókòó sílé láìdúpẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Àràmídé ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì máníjà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá rẹ̀ wọlé, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó gbé àpò gaàrí Ìjẹ̀bú dání.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Oore tí ẹ ṣe fún Àràmídé ni mo wá dúpẹ́ rẹ̀. Èmi ni bàbá..."

"Bàbá Àràmídé kẹ̀?" Máníjà gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Àràmídé ti wá síbí, orí àga yìí ni wọ́n jókòó sí. Ará ilé mi ni. Ta wá ni ẹ̀yin?"

Bàbá Ọnàdípẹ̀ wo máníjà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ohun tó rí lójú ọmọ náà tó o, kò béèrè nǹkan kan mọ́.

"Ẹ má bínú, sà," ó rọra sọ. "Ẹ ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Bàbá yàrá kejì sí tiwọn ni mí. Ojú mi lọ́mọ náà ṣe dàgbà, ni mo ní kí n bá bàbá rẹ̀ dúpẹ́."

Ó gbé gaàrí náà sílẹ̀, ó fọwọ́ kanlẹ̀, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Bí Àràmídé bá dákẹ́, iṣẹ́ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ á máa lọ sílé ìwé, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ láéláé. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti bá a parọ́ náà tán. Ojú ti Àràmídé débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó dìde, àga rẹ̀ ṣubú.

"Irọ́ ni, sà! Bàbá mi nìyí. Bàbá tó bí mi nìyí. Mo yá èyí tí mo mú wá lọ́jọ́sí ni. Ìjẹ̀bú ni wá."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìfi ọ̀kan pamọ́. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu máníjà.

"Ta ló sọ fún ọ pé Ìjẹ̀ṣà nìkan ni mò ń gbà?" ó bèèrè. "Gbogbo ẹni tó kọ̀wé pé òun mọ ìwé tẹ̀ ni mo pè. Ìka rẹ ni mo rí tí mo fi gbà ọ́, n kò tíì ka ìlú rẹ nígbà náà." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n oògùn là ń tà níbí, ọmọ mi. Ohun tó bá wà lára páálí ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. N kò lè fi ọ́ sídìí iṣẹ́ yìí mọ́. Kó ẹrù rẹ."

Wọ́n ń lọ lẹ́bàá ọgbà ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà, bàbá àti ọmọ. Bàbá kò bú u. Ìyẹn gan-an ló dun Àràmídé jù.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ fi sẹ́ pé ẹ kì í ṣe bàbá mi?"

"Mo rí i pé iṣẹ́ náà lo fẹ́."

Wọ́n rìn díẹ̀ sí i.

"Ká ní o dákẹ́," bàbá tún sọ, "èmi náà ìbá dákẹ́ títí ayé. Ṣùgbọ́n n kò ní mọ ẹni tí mo bí mọ́."

Ó pẹ́ kí Àràmídé tó rí iṣẹ́ mìíràn, àbúrò rẹ̀ sì jókòó sílé fún odidi sáà kan. Ẹni tó ń wáṣẹ́ kò jẹ̀bi bó bá fi ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe hàn, kó tiẹ̀ fi í hàn dáadáa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a bá sẹ́ baba wa kí a tó rí i, owó oṣù rẹ̀ kò lè ra baba mìíràn.