Táńkì Dúdú

Ta ló kọ́ ọmọ mi bí a ṣe ń fara pamọ́? Títí dòní, mi ò rí ìdáhùn. Ohun tí mo kọ síbí yìí ṣojú mi, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi kàn án. Mi ò fi iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ ṣíṣa ẹja ni mò ń ṣe lọ́dọ̀ Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja àrọ̀. Táńkì funfun la fi ń sin wọ́n, àwọ̀ wọn á sì ṣá. Oníbàárà kì í ra ẹja tó ṣá. Nítorí náà, bí ọjà bá ku ọjọ́ méjì, a ó kó wọn sínú táńkì kan tí a tẹ́ ọ̀rá dúdú sí. Wọ́n á dúdú padà. Bàbá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àgbà òṣìṣẹ́ wa, ló sọ fún mi pé ẹja kì í ṣe é fún ẹwà. Ikú ló fi ń sá fún. Ẹyẹ á wo ìsàlẹ̀ omi, ẹrẹ̀ nìkan ni yóò rí.

Àǹtí ò fẹ́ràn mi. Ọmọ mi, ọmọ oṣù márùn-ún, pupa. "Ilé tiwa kì í bí pupa," ni wọ́n máa ń wí lójú gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n á ní kí n lọ bi ọkùnrin pupa tó ń mọ bíríkì ládùúgbò. Wọ́n ti búra pé ọjọ́ tí àwọn bá rí ọmọ náà níbi iṣẹ́, mo ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn, mo sì ti kúrò nílé àbúrò àwọn.

Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ń bá mi tọ́jú ọmọ ṣàìsàn. Mo gbé e wá. Ọ̀sán gangan ni, ooru mú. Mo bọ́ aṣọ rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá tútù nínú táńkì dúdú, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà gbẹ. Ó sùn.

Kò pẹ́, mo gbọ́ bàtà Àǹtí. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ tààrà sídìí táńkì náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ omi. Àǹtí kì í fọwọ́ ara wọn ṣí omi.

Mo sáré débẹ̀. Mo wo inú táńkì.

Kò sí ọmọ.

Ọ̀rá dúdú lásán. Mo rò pé ẹnìkan ti gbé e. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti bẹ́ sínú táńkì.

"Kí lò ń wá níbẹ̀, ìyàwó?"

"Òrùka mi ló bọ́, Àǹtí."

Wọ́n tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ táńkì. Wọ́n wò ó láti igun dé igun. Wọ́n tún un wò.

"Ó dáa. Wá a nínú omi."

Wọ́n ṣí i.

Omi bo ẹsẹ̀ mi. Mo kúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ wá ilẹ̀. Ọwọ́ mi kan nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹsẹ̀ kékeré. Ìka márùn-ún. Ojú mi wà lórí rẹ̀, mi ò rí nǹkan kan. Mo kẹ́yìn sí Àǹtí, mo fà á mọ́ra, mo fi ìró bò ó. Kò sunkún. Kò mira. Àyà rẹ̀ nìkan ló ń lù kìkì mọ́ tèmi.

Àǹtí pòṣé, wọ́n lọ.

Mo jáde sínú oòrùn, mo ṣí ìró. Láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ mi dúdú bí ọ̀rá yẹn, ó sì ń dán bíi tirẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ọ̀nà tí Àǹtí gbà lọ ló ń wò. Kí n tó délé, àwọ̀ rẹ̀ ti ń padà díẹ̀díẹ̀, láti ètè. Mo ròyìn fún ọkọ mi, ó ní oòrùn ló pa mí.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, àìsàn dá Bàbá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúbúlẹ̀, mo lọ kí wọn. Wọ́n béèrè ọmọ. Wọ́n ní àwọn rí mi nígbà tí mo tẹ́ ẹ sínú táńkì, ẹ̀rù sì ba àwọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi sáré lọ sọ fún Àǹtí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí omi, ọmọ ń sùn níbẹ̀.