Bàtà Kan Lẹ́sẹ̀, Ìkejì Lọ́wọ́

Kí n tó ròyìn ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ìwà òmùgọ̀ tèmi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i náà ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni. Ó ń bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Bàtà dúdú tó ń dán bíi dígí wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀. Kò sí nǹkan lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, àtàǹpàkò rẹ̀ wú, ó pupa fòò. Ó gbé bàtà kejì mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó sì jókòó tì mí. Mo ti di opó tipẹ́, mo rò pé ojú mi ti sinmi ọkùnrin wíwò. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

"Bàbá, ta lẹ gbé lọ́wọ́ yẹn?"

"Àbúrò èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ni. Ó ní òun ò bá ẹ̀gbọ́n òun jáde lónìí."

Oníbàtà ni, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe bàtà náà. Èmi ń ránṣọ, ṣùgbọ́n orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò mu epo, mi ò lè tẹ ẹ̀rọ mi pẹ́ mọ́. Gbogbo ìrora oríkèé, làkúrègbé là ń pè é. Torí pé ooru àti ọwọ́ ń tu orúnkún mi lára, mo yọ ìpara róòbù nínú báàgì, mo ní kó na ẹsẹ̀ wá. Ó nà á bí ọmọdé. Mo fi gbogbo agbára apá mi ra á. Igbe tó ké ló kó àwọn nọ́ọ̀sì jáde.

Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sáré dé. Kò pariwo. Ó dé róòbù náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n má fọwọ́ kan bàbá òun mọ́ láyé.

Oníbàtà ló ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé sọ́dọ̀ dókítà, kí n wá mọ ohun tí mo bá jà. Dókítà ti fa omi díẹ̀ nínú oríkèé náà, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní tèmi, tìmùtìmù tó wà láàárín egungun ló ń gbó díẹ̀díẹ̀. Kí n máa rìn pẹ̀lẹ́, kí n má kàn jókòó. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín gbé dànù ló pọ̀ lẹ́jẹ̀, tó dì sí oríkèé, tó mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Kò gbọdọ̀ pa oògùn tì, kódà tí ẹsẹ̀ bá dákẹ́.

Abẹ́rẹ́. Èmi aránṣọ ni mo sì ń tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ ẹran ara ẹlòmíràn. Mo sunkún.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó gbé bàtà rírọ̀ kan wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó rí i pé ẹ̀rọ mi dákẹ́. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tẹ ẹ̀rọ, mo ń darí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di òṣìṣẹ́ kan. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹsẹ̀ mi àti ọwọ́ rẹ, kí ni wọ́n ń wá nílé méjì?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní mú mi wọlé láìjẹ́ pé ọmọ òun fọwọ́ sí i. Ọmọ náà sì kọ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé aláìsàn méjì, ta ni yóò gbé ta ni?

Kò pẹ́ tí ìrora náà tún dé, níbi ẹ̀rọ gan-an. Oníbàtà ti pa oògùn tì torí ẹsẹ̀ dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fọwọ́ ra á. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkìtì aṣọ, mo fún un lómi mu, mo fi aṣọ tútù sí i, mo ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Mo wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí nǹkan kan má baà gbá àtàǹpàkò náà.

Ibẹ̀ ni ọmọ náà bá wa. Ó wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ pẹ́. Mo fẹ́ dìde fún un, orúnkún kọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá mi, ó gbé mi dìde, kò sì tètè fi mí sílẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ náà láti òkè délẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ṣé eléyìí á gba ẹnu ọ̀nà ilé wa wọlé?"