Ẹ̀jẹ̀ Tó Lúgọ Sínú Orí Káfíńtà

"Májèlé lo fún un! Apànìyàn! O fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi kó o lè jogún ẹ̀!"

Àbúrò káfíńtà ló ń pariwo báyìí ní kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn, tó ń nàka sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ ni obìnrin náà, kì í ṣe aláriwo. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni orí ti ń fọ́ ọkọ rẹ̀, tó ń gbàgbé nǹkan, tó ń rìn bí ọ̀mùtí. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí ló ṣubú, ohùn rẹ̀ sì pa.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú," ló fi bẹ àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán orí ẹ̀gbọ́n yín ná."

"Àwòrán kí ni? Ilé la ń gbé e lọ! Àbí, Ìyá?"

Ìyá ọkọ pòṣé. "Ọmọ mi ò ní parọ́. Ìkà obìnrin!"

Ara fu aránṣọ. Ẹni tó sọ pé májèlé ni, kí ló dé tí àwòrán lásán ń bà á lẹ́rù? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà! Òun ni ìyàwó, òun ló fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n ya àwòrán.

Wọ́n ya àwòrán náà. Dókítà kékeré wò ó, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

"Ẹ ò gbọ́?" Àbúrò ọkọ pàtẹ́wọ́. "Májèlé ni mo wí!"

Àmọ́ kọ̀ǹpútà ti fi àwọ̀ pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àwòrán náà. Àìmọye àwòrán ọpọlọ ni wọ́n ti fi kọ́ ẹ̀rọ yìí, títí tó fi ń dá ẹ̀jẹ̀ mọ̀ níbi tójú èèyàn ti lè fò ó. Dókítà àgbà sáré dé, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Òótọ́ ni ẹ̀rọ sọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́ máa ń ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi tètè rí i. Kì í ṣe májèlé rárá! Ó jọ pé ó forí gbá nǹkan. Ta ló mọ̀ nípa ẹ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo fa àkàbà náà! Òun ló yọ̀!"

Àbúrò ọkọ ló já a bọ́ lẹ́nu. Ojú rẹ̀ rọ bí ewé tí oòrùn pa.

"Ìwọ!" Láti ọjọ́ tí aránṣọ ti dé ilé ọkọ, kò pè é ní 'ìwọ' rí. "Àkàbà wo? Ta ló dárúkọ àkàbà fún ẹ?"

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Nígbà tí ohùn káfíńtà padà, ó tú gbogbo ẹ̀ síta. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù tí òun ti ń ṣe káfíńtà, òun ò gbà. Kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òun, òun gun àkàbà lọ gbé pákó, ọmọ ìyá òun sì fà á yọ! Ó sunkún bẹ òun, òun sì bò ó láṣìírí. Ọ̀dàlẹ̀ wá lọ ń di ẹ̀sùn ru ìyàwó òun!

Inú ṣọ́ọ̀bù náà gan-an ni ọlọ́pàá ti mú un.

Ìyá ọkọ wá kúnlẹ̀ níwájú aránṣọ. "Ìyàwó mi, bá mi bẹ àwọn ọlọ́pàá. Ọmọ mi náà ni."

Aránṣọ fà á dìde, ó fi í jókòó sórí àga.

"Ìyá, èmi ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó fa àkàbà, ẹ jẹ́ kó lọ ṣàlàyé fún adájọ́."

Ó yí padà, ó ń bu omi sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu.