Eyín Tí Netani Dá Padà

Ká ní o bá Varasiko pàdé nínú bárékè ní ìlú Suva nígbà náà, o ó rò pé kò sí sójà tí àyà rẹ̀ le tó o. Ẹnu lásán! Ọjọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò lọ ṣọ́ àlàáfíà nílẹ̀ òkèèrè, akọni bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wọkọ̀ ojú omi lọ sábúlé ìyá rẹ̀ ní erékùṣù Kadavu, ó fara pamọ́ sóko kókò.

Netani, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ gé e lẹ́sẹ̀ kan.

Láti ìgbà tí Varasiko ti gbọ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ti dún létíkun, igbó ló ń gbà. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, àwọn ọlọ́pàá ológun ti ń retí rẹ̀ létí ibojì. Orí òkè ló ti ń wò bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀ bo ẹni tó bí i. Ó fi ẹ̀wù di ẹnu kí igbe má bàa jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ mà burú o!

Ó wá bẹ Ilaitia, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, pé kó gbé eyín àbùùbùtán lọ bá Netani tọrọ àforíjì, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Àgbà ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ yóò jókòó lẹ́yìn rẹ̀, yóò tẹrí ba. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá gba eyín náà, ó ti dárí jì í nìyẹn. Ṣùgbọ́n Varasiko kò lọ.

Nígbà tí Ilaitia gbé eyín dé, Netani wò yí ká.

“Bàbá, ẹni tó ṣẹ̀ mí dà?”

“Ojú ló ń tì í, ọmọ mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá eyín yìí padà fún un. Ẹ lè gbẹnu sọ fún un, àmọ́ ta ló máa bá a tẹrí ba? Òun gan-an ni mo fẹ́ rí.”

Nígbà tí Ilaitia jíṣẹ́ fún Varasiko, ọ̀rọ̀ náà gún un dé ọkàn. Ó bá Ilaitia padà lọ sọ́dọ̀ Netani, ó sì dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Netani gba eyín, ó wọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn.

“Dìde jàre! Àbí o rò pé màá fọ̀pá nà ẹ́ ni? Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Kí n tó dúró nípò rẹ ni Jésù ti kú nípò àwa méjèèjì. Òun ló ń bá wa bẹ Ọlọ́run Bàbá. Àmọ́ ìwọ fúnra rẹ lo máa wá.”

Varasiko bú sẹ́kún. “Jésù, sísá ti sú mi. Gbà mí.” Nígbà tó ṣe, ó béèrè pé, “Ẹ̀wọ̀n sójà wá ńkọ́?”

“Ẹ̀wọ̀n ń bẹ. Jẹ́ ká jọ lọ.”

Wọ́n jọ lọ sẹ́nu ọ̀nà bárékè, Netani lórí ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n ju Varasiko sẹ́wọ̀n, wọ́n sì lé e kúrò níṣẹ́ ológun. Àmọ́ nínú àhámọ́ yẹn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dún létíkun, Varasiko sì ń sùn.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Àdúrà ìyá rẹ lo rán sí Ọlọ́run ni, àbí ọrẹ tí o dá ní ṣọ́ọ̀ṣì? O rán wọn lọ, ìwọ sì wà nínú igbó. Olúwa ti wò yí ká, kò rí ọ. Má dúró dọ̀la tí kì í ṣe tìrẹ. Jáde wá lónìí. Ìwọ gan-an ni Olúwa ń béèrè.