Àáfà Tó Ń Ta Òrùka Àrá

Àrá sán lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ wáyà tí ìjọba fi ń ránṣẹ́ n'Ílọrin sì jóná. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé wáyà bàbà tó ń gba àrá láti orí òrùlé wọ inú ilẹ̀, kó má baà ba ẹ̀rọ jẹ́, ti di àwátì. Olè ti gé e. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ti Yísà, ọlọ́dẹ ibẹ̀, mọ́lé.

Garba dógarì, ọlọ́pàá ọba, ni wọ́n ní kó wádìí ọ̀rọ̀ náà. Orúnkún ń dùn ún, iṣẹ́ ọba ti sú u, Yísà yìí sì ni ọkọ Ràúdátù, ọmọ rẹ̀. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó kò fi igbá kan bọ̀kan nínú: bí olè mìíràn kò bá yọjú kí Jímọ̀ tó dé, Yísà ń rẹ̀wọ̀n nìyẹn. Ràúdátù wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà baba rẹ̀, ó ń wò ó. Garba kò lè jẹun.

Ó lọ bá Yísà ní àtìmọ́lé.

"Ìwọ lo gé e?"

"Bàbá, mo fi Ọlọ́hun búra, èmi kọ́."

"Ta ló ń dé ibi tí wáyà náà ti wọlẹ̀?"

"Èmi nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe àlùwàlá. Òyìnbó fẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní kí ilẹ̀ ibẹ̀ máa tutù, kí àrá lè ráyè wọlẹ̀."

"Ṣé ibẹ̀ náà lo ṣì ti ń ṣe é?"

Yísà wolẹ̀. "Rárá. Àáfà Salahudeen ní omi àlùwàlá kò gbọdọ̀ kan wáyà kèfèrí, pé àdúrà mi kò ní gbà. Mo bá gbé omi mi lọ sẹ́yìn ilé."

Garba mí kanlẹ̀. Àna òun kì í ṣe olè, òmùgọ̀ ni.

Ó bá Salahudeen ní ọjà Ìpàtà, láàárín àwọn oníṣu, tó ń ta òrùka bàbà. Ó ní àrá kò lè pa ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Látìgbà tí ẹ̀rọ wáyà ti jóná, ńṣe ni wọ́n ń dù ú rà.

"Níbo lo ti rí bàbà yìí?"

"Mẹ́kà ni."

Bí Garba ti nawọ́ sí àpò àáfà náà, Salahudeen gbé e, ó fò dìde, ó gba àárín òkìtì iṣu sá lọ. Garba tẹ̀ lé e, ó ń tiro. Àwọn oníbàárà dí i lọ́nà, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fọwọ́ kan ẹni Ọlọ́hun. Salahudeen náà dúró níwájú díẹ̀, ó ń bojú wẹ̀yìn. Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Garba gbá òpó kan mú, agbára rẹ̀ ti pin.

"Ó dáa, n kò lé e mọ́," ló wí. "Kó dúró sí gbangba, kó na ọwọ́ tó wọ òrùka sókè. Bí àrá bá bẹ̀rù rẹ̀, kó máa lọ."

Àrá sán nítòsí. Salahudeen bọ́ òrùka gbogbo kúrò lọ́wọ́, ó ju àpò nù, ó forí wọ abẹ́ àtíbàbà oníṣu. Wáyà tí kò tíì gé tán yọ jáde nínú àpò náà, yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Kùdírátù oníṣu, tó ra òrùka fún gbogbo ọmọ rẹ̀, bọ́ tiẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́ àtíbàbà, ó na òrùka náà sí i.

"Àáfà, gba tèmi wọ̀."

Abẹ́ àtíbàbà náà ni Salahudeen ti jẹ́wọ́: òun ló tan Yísà kúrò níbẹ̀, òun ló gbẹ́ ilẹ̀, òun ló gé wáyà. Wọ́n dè é lọ.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n tú Yísà sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ó ń sunkún. Ràúdátù fà á dìde, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Garba wò wọ́n, inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́.

"Ẹ máa lọ," ló ní. "Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná."