Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án Tí Kò Lè De Bọ́tìnnì

"Gbé àgbọ̀n sókè."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé àgbọ̀n sókè. Ìyá rẹ̀ de bọ́tìnnì ọrùn aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó de ìkejì, ó de gbogbo rẹ̀ dé ìdí. Méje ni. Lẹ́yìn náà ló sáré padà sídìí máṣíìnì tó fi ń ránṣọ fún àwọn ará àdúgbò.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló rí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti kékeré rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò rán aṣọ oníbọ́tìnnì fún un rí. Rọ́bà ló ń fi sí ọrùn àti ìbàdí gbogbo aṣọ rẹ̀, kí ọmọ lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ìyá sì ráyè jókòó ti iṣẹ́ oníbàárà. Àṣìṣe aránṣọ nìyẹn. Ìyá tí kò mọ abẹ́rẹ́ í dì mú kò lè ṣe irú rẹ̀.

Ní sáà tuntun, ilé-ìwé pààrọ̀ aṣọ sí oníbọ́tìnnì. Ìyá ń dè é láràárọ̀. Kò rántí pé àwọn ọmọ máa ń bọ́ aṣọ lọ́jọ́ eré ìdárayá.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ilé-ìwé ránṣẹ́ pè é.

"Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́," ọ̀gá ilé-ìwé ní, "ọmọ yín ti fi ike omi gbá ẹnu ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tó ń lu èèyàn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ máa wá ilé-ìwé míì fún un."

Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló mú un jókòó, tó sì ṣàlàyé.

"Wọ́n ṣeré tán, kálukú ń wọṣọ. Tiyín di aṣọ mú níwájú, ó dúró. Ẹnì kan wá kígbe pé, 'Ẹ bá wa gbé fídà mílíìkì wá o, ọmọ ọwọ́ wà níbí!' Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ló fi dáhùn."

"Kí ló dé tí kò sọ fún tíṣà?"

"Mo bi í bẹ́ẹ̀, mà. Ó ní tí òun bá ti sọ pé inú ń bí òun, wọ́n á ní kí òun panu mọ́."

Ìyá wolẹ̀. Ó mọ̀ pé òun alára wà nínú "wọ́n" yẹn.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín," nọ́ọ̀sì ní. "Ọmọ tí kò lè ṣe nǹkan fún ara rẹ̀, ojú á máa tì í. Tí kò bá sì rí ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́, ọwọ́ ló máa fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tínú kì í bí. Ohun tá a bá fi ìbínú ṣe ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ kọ́ ọ ní bọ́tìnnì, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ lọ́rọ̀ ẹnu. Ẹ̀kọ́ kan náà ni."

Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń gbé, ti gbọ́. Bẹ́líìtì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, mú ajàkadì yẹn wá fún mi."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sá wọ yàrá. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà yàrá náà gan-an ló kúnlẹ̀ sí.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ẹ ò ní nà án."

"Ṣé èmi lò ń dá lóhùn?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Àmọ́ mi ò ní kúrò níbí."

"Wọ́n na àwa náà! Ṣé a kú ni?"

"A ò kú, Àǹtí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí áyọ́ọ̀nù eléèédú jó mi nítan. Mo ké. Wọ́n nà mí ní mẹ́fà torí igbe yẹn, wọ́n ní ariwo mi pọ̀ jù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi aṣọ bo egbò yẹn. Òórùn rẹ̀ ló tú mi fó." Ó ká aṣọ sókè díẹ̀, ojú àpá náà sì hàn, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. "Wọ́n kọ́ mi lóòótọ́. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n má sọ nǹkan tó ń ṣe mí. Mi ò ní fi kọ́ tèmi."

Àǹtí wo àpá náà títí. Ó ká bẹ́líìtì.

"Máa kọ́ ọ nígbà yẹn. Ọjọ́ tó bá tún lu ọmọ ọlọ́mọ, má pè mí."

Kò tíì gbà, ṣùgbọ́n ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá gé àgékù aṣọ kan, ó rán bọ́tìnnì ńlá márùn-ún sí i, ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Bọ́tìnnì kìíní wọlé. Ìkejì yọ̀. Ìkẹta kọ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ju aṣọ náà mọ́ ògiri.

Ọwọ́ ìyá ti lọ sókè. Ó mú un padà.

"Inú ń bí mi," ó ní. "Mò ń lọ mu omi. Màá padà wá."

Nígbà tó dé, ọmọ ń wò ó tìyanu-tìyanu.

"Màámi, ṣé àgbà náà máa ń sọ ọ́?"

"Àgbà tó gbọ́n ni. Ìwọ ńkọ́, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ojú ń tì mí. Inú sì ń bí mi."

"Ó dáa. Mí kanlẹ̀. Gbé aṣọ yẹn, ká tún un ṣe."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Láàárín rẹ̀, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fọ ìbọ̀sẹ̀ àti bí a ṣe ń ká aṣọ. Iṣẹ́ oníbàárà méjì pẹ́. Ìyá bẹ̀ wọ́n, kò sì kábàámọ̀.

Lọ́jọ́ eré ìdárayá tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wá bá ìyá nídìí máṣíìnì.

"Ọmọ tó kígbe lọ́jọ́sí tún pariwo fídà. Tiyín gbé ike omi rẹ̀…"

Ìyá dá máṣíìnì dúró.

"…ó gbé e sílẹ̀, mà. Ó ní, 'Inú ń bí mi, mi ò sì ní lù ọ́. Àmọ́ mò ń lọ fẹjọ́ rẹ sùn, torí ohun tó ò ń ṣe ò dáa.' Ó de bọ́tìnnì rẹ̀ tán kó tó wá. A ti pe òbí ọmọ kejì. Ọ̀gá ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò lọ síbì kankan."

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká, kódà bó bá pẹ́, kódà bó bá wọ́. Ẹ jẹ́ kó wọṣọ fúnra rẹ̀, kó fọ abọ́ tó fi jẹun, kó mọ bí a ṣe ń ní kí èèyàn ran òun lọ́wọ́. Bí inú bá ń bí i, ẹ má ní kó panu mọ́. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, ẹ jẹ́ kó mí kanlẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé lílu èèyàn kì í ṣe ọ̀nà. Kó rí i lára ẹ̀yin náà kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Bí ìjà rẹ̀ kò bá dáwọ́ dúró, ẹ lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà rẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹ ń ba ọmọ jẹ́. Ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló gbà yín láyè, ẹ ní ẹ̀yin lẹ ń tọ́ ọ.