Ohun Tó Wà Láyà Àràmídé

Ìyá Àràmídé kò fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Ìjókòó ló ń sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà lára ògiri yàrá wọn ní Mushin. Bí ọmọ rẹ̀ bá bi í léèrè, á ní ooru ló fà á.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ ló ń ṣàìsàn. Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní línfómà ti gba ọrùn àti abíyá Àràmídé, ó sì ti wọ ikùn. Ṣùgbọ́n kókó àyà rẹ̀ ló kó ọkàn Dókítà Adùnọlá sókè jù. Ó ṣàlàyé fún tìyá-tọmọ pé ọ̀pọ̀ ẹni tí jẹjẹrẹ náà ti tàn lára wọn báyìí ṣì ń rí ìwòsàn, àmọ́ bí kókó kan bá ti tóbi jù, oògùn nìkan lè má ká a. Ó lè gba kí wọ́n fi ìtànṣán jó ìyókù, ó sì tún lè padà wá. Ti Àràmídé tóbi ju ọsàn lọ. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bo àyà ọmọ rẹ̀, bí ẹni ń wọn nǹkan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí i lára. Irun rẹ̀ re, èébì kò jẹ́ kó sinmi, síbẹ̀ kókó náà ń yọ́. Ó di àgbálùmọ̀, ó di ẹyọ ẹ̀pà. Dókítà ní bóyá àwọn ò ní nílò ìtànṣán mọ́. Ṣùgbọ́n bí Àràmídé ṣe ń mí délẹ̀ ni ikọ́ ń gbé ìyá rẹ̀. Ọrùn ìyá wú, iṣan àyà rẹ̀ yọ síta bí okùn.

Ọmọ fipá mú un lọ ya àwòrán inú àyà. Dókítà gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Àràmídé, tìẹ àtijọ́ lo mú wá."

"Rárá, Mà. Ti Màámi ni. Àárọ̀ yìí la yà á."

Dókítà wá àwòrán àkọ́kọ́ tí Àràmídé yà jáde, ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìtóbi kan náà, igun kan náà. Ìyá nìkan ni kò wò ó.

"Èmi ni mo tọrọ ẹ̀ lórí ẹní ìkírun," ó rọra sọ ọ́. "Mo ní kí Ọlọ́run gbé e fún mi."

Àràmídé la ẹnu láti tọrọ pé kí kókó náà padà sára òun. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti bò ó lẹ́nu, ó tutù, ó sì le.

Ìyá ló ń gba oògùn báyìí. Gbogbo ará ilé ń gbàdúrà fún un. Àràmídé nìkan ló máa ń jókòó tì í, tí á di ẹnu ara rẹ̀ pinpin. Kò lè tọrọ ohunkóhun fún ìyá rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé àdúrà náà á gbà, tí kókó á padà sáyà òun.